Kọ́kọ́rọ́ Táǹkì Tó Wà Lọ́wọ́ Maame Serwaa

Lọ́jọ́ tí bàbá mi àgbà kú, gbogbo ohun tó ní ló wà nílé àfi kọ́kọ́rọ́ táǹkì rẹ̀. Fìlà rẹ̀ wà lórí ìṣó. Tẹ̀sùbáà rẹ̀ wà lábẹ́ ìrọ̀rí. Rédíò rẹ̀ wà lórí àpótí, ó ṣì ń sọ̀rọ̀, torí kò sẹ́ni tó rántí pa á. Táǹkì fúnra rẹ̀ dúró síwájú ilé wa ní Sawaba, àdúgbò wa ní Kumasi, ó dúdú, ó ga ju èèyàn lọ, àgádágodo ńlá kan sì wà lẹ́nu ẹ̀rọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ àgádágodo yẹn wà ní etí ìró obìnrin Ashanti kan tó ń gbé ilé kejì sí wa, obìnrin náà kò sì ṣe tán láti fún ẹnikẹ́ni.

Iṣẹ́ ìròyìn ni mo fi ń jẹun láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé ìwé. Mo ti kọ ìròyìn nípa ikú ọ̀pọ̀ èèyàn tí n kò mọ̀ rí, kò nira fún mi. Ti bàbá àgbà ló ń le fún mi. N kò ní bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ ìkómọ rẹ̀ dé ọjọ́ ìsìnkú rẹ̀. Irú èèyàn tó jẹ́ ni mo fẹ́ sọ, àti bí kọ́kọ́rọ́ yẹn ṣe kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Níbi tí mo bá ti rí ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣojú rẹ̀, ẹnu ẹni náà ni mo fi sọ ọ́.

Àlàájì Bùràímọ̀ ni wọ́n ń pè é ní mọ́ṣáláṣí. Ní ọjà Kejetia, Bàbá Onítáǹkì ni. Kẹrosíìnì ló ń tà. Bàbá tirẹ̀ ló ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Kumasi. Kumasi ni wọ́n bí òun sí, èdè Twi rẹ̀ sì já geere ju ti ọ̀pọ̀ onílẹ̀ lọ. Síbẹ̀ Alata ni wọ́n ń pè é, bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo wa tí ìran wa ti ìhà Nàìjíríà wá.

Òórùn kẹrosíìnì kì í kúrò lára rẹ̀. Kó tó lọ kírun, ọsàn wẹ́wẹ́ ló kọ́kọ́ fi ń fọ ọwọ́, lẹ́yìn náà ọṣẹ, lẹ́yìn náà ni yóò tó ṣe àlùwàlá. Pàbó ló ń já sí. Ìmáàmù wa máa ń sọ pé, “Èmi tí mò ń síwájú, tí n kì í wẹ̀yìn, mo máa ń mọ̀ bóyá Àlàájì ti dé.”

Ohun tó ń pa àwọn oníbàárà rẹ̀ lẹ́rìn-ín ni pé èédú ni wọ́n fi ń dáná nínú ilé onítáǹkì. Ìyá mi àgbà kọ sítóòfù kẹrosíìnì pátápátá. Bàbá àgbà ra tuntun kan wálé fún un, aláwọ̀ ewé, ó ń dán. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, adìẹ ti ń sàba lórí rẹ̀. Obìnrin kan tó wá ra epo rí èéfín tó ń rú lẹ́yìnkùlé wa, ó ní, “Àlàájì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní sítóòfù ló dáa, kí ló ń rú bọ̀ yẹn?” Ìyá àgbà dáhùn láti inú ilé pé, “Èmi ò ní jẹ́ kí ọbẹ̀ mi máa rùn bí ọkọ mi.”

Ẹlòmíràn ì bá fi ẹ̀rín bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, bàbá àgbà kò yin sítóòfù fún oníbàárà mọ́. Bí èèyàn bá bi í bóyá kẹrosíìnì sàn ju èédú lọ, ohun tó máa ń sọ ni pé, “Epo wà. Bó bá jẹ́ ti kó dáa, ẹ lọ bi ìyàwó mi.”

Ọwọ́ Maame Serwaa ni ìyá àgbà ti ń ra èédú náà. Òun ló ń gbé ilé kejì, òun sì ni olórí àwọn obìnrin oníèédú ní Kejetia. Ó gbọ́ Yorùbá láti orí ògiri tó pààlà ilé wa sí tiwọn. Yorùbá rẹ̀ kò ní “ẹ̀yin” nínú: àgbà ni o, ọmọdé ni o, “ìwọ” ni. Ìmáàmù pàápàá, “ìwọ” ni.

Ọ̀rọ̀ àárín òun àti bàbá àgbà pẹ́. Kí wọ́n tó bí mi, ìjọba kan pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò níwèé kúrò ní Ghana. Àwọn tí Kumasi ti jẹ́ ìlú wọn láti inú ìyá wọn dìde, wọ́n ń wá ọkọ̀ tí yóò gbé wọn lọ sí ìlú tí wọn kò dé rí. Mo béèrè lọ́wọ́ Maame Serwaa ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ojúlé rẹ̀ lọ́jọ́ tí ilé wa ń lọ.

“Ó wá,” ni ó wí. “Ìyá rẹ di ọwọ́ àbúrò rẹ̀ mú. Ẹrù wọn wà lórí omolanke. Ó fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Kò ní kí n ta epo, kò ní kí n má tà á. Mo ní, Àlàájì, ìgbà wo lo máa dé? Ó ní òun ò mọ̀. Mo so ó mọ́ ìró mi.”

Ọdún mélòó kan kọjá kó tó padà. Àwọn kan padà, wọ́n bá èèyàn nínú ilé wọn, wọ́n bá orúkọ ẹlòmíràn lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù wọn. Bàbá àgbà fi ìka kan táǹkì láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ó ń gbọ́ dídún rẹ̀. Ibi tí epo dé nígbà tó ń lọ, ibẹ̀ ló wà. Kẹrosíìnì sì ti wọ́n ní Kumasi ní gbogbo ìgbà yẹn, èèyàn ń tò láti rà á. Ó bi Maame Serwaa ìdí tí kò fi tà á. Obìnrin náà wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ ìbéèrè náà yé. “Epo kọ́ lo fún mi,” ni ó wí. “Kọ́kọ́rọ́ ni.”

Mo rò pé ọ̀rọ̀ yẹn ló sọ ọ́ di ẹni tí mo mọ̀. Nígbà tí mo fi gbọ́njú, òun ni gbogbo Yorùbá Sawaba ń gbé ẹjọ́ wá bá, mùsùlùmí àti onígbàgbọ́, kò sì gba ìlérí ẹnu lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìdógò ló ń gbà. Bí o bá ṣèlérí níwájú rẹ̀ pé o kò ní ṣe nǹkan mọ́, o ní láti fi ohun kan sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ títí ìlérí náà yóò fi ṣẹ. Òun ló sì máa mú ohun náà fúnra rẹ̀, lẹ́yìn tó bá ti wò ọ́ látòkè délẹ̀.

Àpótí kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ tó kún fún ìdógò. Mo rí abẹ onígbàjámọ̀ níbẹ̀, mo rí bùbá kan ṣoṣo tí kò ní ìró, mo rí ìbọ̀wọ́ gólì. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì trotro kan tó ń mutí wakọ̀ fi bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ sílẹ̀, ẹsẹ̀ tó fi ń tẹ bíréèkì. Ó fẹ́ fi fìlà sílẹ̀, bàbá àgbà kọ̀. Fún ìgbà pípẹ́, bàtà kan ni ọkùnrin náà ń wọ̀ kiri Kejetia, tí àwọn ọmọ ọkọ̀ ń kí i pé, “Ẹ̀gbọ́n, èkejì ńkọ́?” Kò mutí wakọ̀ mọ́. Mo bi bàbá àgbà ìdí tí kò fi gba fìlà. “Ohun tí kò bá dùn ọ́,” ni ó wí, “kì í ṣe ìdógò. Ẹ̀bùn ni.”

Rédíò ni alátakò rẹ̀. Lẹ́yìn ìrun Alásárì, ó máa ń jókòó ti táǹkì, yóò tan rédíò, yóò sì máa dá a lóhùn. Mínísítà á ní omi ẹ̀rọ ń bọ̀ ní gbogbo Zongo, àdúgbò àwọn àlejò. Bàbá àgbà á ní, “Ta ló dúró fún ẹ?” Ọ̀gá ológun á ní òun máa gbé ìjọba fún alágbádá. “Ta ló dúró fún ẹ?” Kódà ẹni tó ń sọ pé òjò lè rọ̀ lọ́la, ó bi òun náà. Àwọn ọmọ àdúgbò mọ̀ ọ́n dáadáa, wọ́n á dúró lẹ́yìn táǹkì, wọ́n á sì bá a pe ègbè rẹ̀.

Àbúrò ìyá mi, Bùọ̀dá Ràímì, ni ọmọkùnrin rẹ̀ kan ṣoṣo. Ọlọ́pọlọ ni. Ó kàwé dé yunifásítì, ó wọ iṣẹ́ ìjọba ní Accra, ní ẹ̀ka tó ń rí sí epo àti iná mànàmáná. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ ńlá mú, lọ́dún tí iná jó oko kòkó, tí omi odò tí wọ́n dí fún iná mànàmáná lọ sílẹ̀ débi pé òkúta ìsàlẹ̀ rẹ̀ yọ síta. Ó rí ilé ìwòsàn tó wà lókùnkùn. Mo rò pé kò bọ́ lọ́wọ́ ohun tó rí yẹn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ọ̀rọ̀ tuntun dé. Àwọn onímọ̀ ní èéfín epo àti èédú tí gbogbo ayé ń jó ló ń mú ojú ọjọ́ gbóná, àti pé igbó ló ń gbé lára èéfín náà mì. Àwọn orílẹ̀-èdè bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé lókè òkun láti pinnu ẹni tí yóò dín tirẹ̀ kù. Bùọ̀dá Ràímì wà lára àwọn tó ń ṣojú Ghana. Ó ṣàlàyé fún mi lẹ́ẹ̀kan pé ọ̀rọ̀ wa níbẹ̀ rọrùn: ẹ̀yin ọlọ́rọ̀ lẹ jó o jù, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dín in kù, kẹ́ ẹ sì ràn wá lọ́wọ́. “Àmọ́ wọ́n á bi wá ohun tí àwa ń ṣe,” ni ó wí. “Bí a ò bá ní nǹkan kan ní ọwọ́, a ti di alágbe.”

Ohun tí ìjọba fẹ́ ní lọ́wọ́ ni igbó. Wọ́n fẹ́ kí àwọn oníèédú Kumasi má ra èédú tí wọ́n sun láti ara igi igbó mọ́. Wọ́n ní àwọn yóò kọ́ ibùdó gáàsì ìdáná kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ Kejetia, pé àwọn obìnrin oníèédú wọ̀nyí gan-an ni yóò máa tà á. Wọ́n rán Bùọ̀dá Ràímì pé kó wá sọ ọ́ fún wọn, nítorí ọmọ Kumasi ni.

Mo wà níbi ìpàdé náà pẹ̀lú ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ mi. Pápá ni, lábẹ́ tápólì. Àwọn ọ̀gá láti Accra jókòó sórí àga, àwọn obìnrin oníèédú jókòó sórí bẹ́ǹṣì, eruku èédú ṣì wà ní èékánná wọn. Bàbá àgbà jókòó lẹ́yìn pátápátá pẹ̀lú àwọn àgbà Sawaba. Bùọ̀dá Ràímì fi Twi sọ̀rọ̀, ó sọ ọ́ dáadáa. Nígbà tó parí, ọ̀dọ́mọbìnrin kan dìde.

“Agya,” ni ó wí, bí wọ́n ṣe ń pe bàbá ní Twi, “agbégilódò tó kọjá níwájú ilé mi láàárọ̀ yìí, ṣé èédú ló kó?”

Ẹ̀rín sọ. Èkejì ní, “Ìjọba tó ń wá epo lábẹ́ òkun ló ní kí n má dáná igi?” Ẹ̀kẹta ò tiẹ̀ dìde: “Bàbá ẹ ńkọ́? Omi ló wà nínú táǹkì yẹn ni?”

Bùọ̀dá Ràímì dá wọn lóhùn pẹ̀lú sùúrù. Ó ní gbogbo rẹ̀ ni wọ́n máa tún ṣe, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbà náà ni Maame Serwaa dìde.

“Ràímì, mo gbé ọ pọ̀n rí,” ni ó wí. “Mo gbọ́ gbogbo ohun tí o sọ. Ta ló dúró fún ìjọba?”

“Maame, ìjọba kì í ní onígbọ̀wọ́. Ìjọba ni onígbọ̀wọ́ gbogbo wa.”

Ẹ̀rín tí àwọn obìnrin náà rín kò dáa. Mo ṣì ní i nínú téèpù. Lẹ́yìn ẹ̀rín náà, èèyàn lè gbọ́ ìró bàtà aláwọ tó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀yìn, àti kọ́kọ́rọ́ tó kan tábìlì.

“Èmi Bùràímọ̀ ni mo bí i,” bàbá àgbà ló ń sọ̀rọ̀ yẹn. “N kò mọ ìjọba. Mo mọ ọmọ mi. Títí ibùdó gáàsì tó sọ yẹn yóò fi ṣí, táǹkì mi kò ní ṣí. Serwaa, wá mú ìdógò rẹ.”

Àwọn ọ̀gá Accra pàtẹ́wọ́. Wọn kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n wọ́n rí i pé ó dùn ún wò. Maame Serwaa kò pàtẹ́wọ́. Ó sún mọ́ tábìlì, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ẹ̀rọ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbà á.

“Àlàájì, o mọ ohun tí ò ń ṣe?”

“Ìwọ lo kọ́ mi,” ni bàbá àgbà wí.

Maame Serwaa mú kọ́kọ́rọ́ náà, àwọn obìnrin gbà láti fi èédú igbó sílẹ̀, wọ́n sì mú ọ̀rọ̀ wọn ṣẹ. Àwọn ọkọ̀ tó ń kó èédú igbó bọ̀ dé Kejetia, wọ́n dá wọn padà. Èédú igi àjákù láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń la pákó nìkan ni wọ́n ń tà, kò sì tó nǹkan. Ní Sawaba, àwọn tó ń ra kẹrosíìnì lọ́wọ́ wa gbé gálọ́ọ̀nù wọn lọ sí Ashanti New Town. Bàbá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í ta òwú àtùpà àti ìṣáná lórí tábìlì kékeré níwájú táǹkì tó kún. Èmi ń pààrà ọ́fíìsì ìjọba. Ibi gbogbo ni wọ́n ti ń dá mi lóhùn pé, “Ó ń bọ̀.”

Ọ̀sán kan báyìí, mo jókòó tì í, mò ń bó ọsàn fún un. Rédíò ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí a gbọ́ aṣojú orílẹ̀-èdè wa níbi ìpàdé àgbáyé lórí ojú ọjọ́. Ohùn Bùọ̀dá Ràímì ni. Inú bàbá àgbà dùn, ó sún rédíò mọ́ra. Bùọ̀dá ń sọ fún gbogbo ayé pé àwọn oníèédú Kumasi ti fi igbó sílẹ̀. Ó ní àgbàlagbà kan tó ń ta kẹrosíìnì ti ti táǹkì rẹ̀ pa, ó fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ṣe ìdógò nítorí ìlérí orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ó ní, bí ẹ bá ń béèrè bóyá a ṣeé gbà gbọ́, ẹ lọ wo kọ́kọ́rọ́ yẹn. A gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pàtẹ́wọ́ lókè òkun. Ó pẹ́ kí àtẹ́wọ́ náà tó dákẹ́.

Ìròyìn tó tẹ̀ lé e ni pé ìjọba ti fi ìpìlẹ̀ ilé iṣẹ́ amúnáwá tuntun lélẹ̀ ní etíkun, èyí tí yóò máa jó epo rọ̀bì. Wọ́n ní iṣẹ́ ibùdó gáàsì ní àwọn ìlú kan yóò ní láti dúró ná, kí tibẹ̀ lè parí. Wọ́n dárúkọ àwọn ìlú náà. Wọ́n dárúkọ Kumasi.

Àwọn ọmọdé tó wà lẹ́yìn táǹkì mọ ohun tó kàn. Wọ́n kó ẹnu jọ, wọ́n ní, “Ta ló dúró fún ẹ?”

Bàbá àgbà kò pariwo mọ́ wọn. Ó pa rédíò. “Èmi ni,” ni ó wí.

Bùọ̀dá Ràímì wá sí Kumasi lẹ́yìn tó dé. Mo wà ní pálọ̀, ìyá àgbà wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọwọ́ tó kún fún ìyẹ̀fun. Bùọ̀dá dọ̀bálẹ̀. Bàbá àgbà kò ní kó dìde, Bùọ̀dá fúnra rẹ̀ ló dìde nígbà tó yá.

“Bàbá, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi,” ni ó wí. “Bí odò bá tún gbẹ, ṣé kí àwọn aláboyún máa bímọ lókùnkùn ni? A nílò iná. Epo la ní tí a lè fi tan án kíákíá.”

“Mo ní kẹ́ ẹ má tanná ni?”

“Àwọn òyìnbó tí mo ń bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀, láti ayé baba ńlá wọn ni wọ́n ti ń jó èédú inú ilẹ̀. Òun ni wọ́n fi kọ́lé. Kí ni ìdógò tiwọn?”

“Bi wọ́n. Ìwọ lo lọ síbẹ̀, èmi kọ́. Ṣùgbọ́n báwo lo ṣe fẹ́ bi wọ́n, nígbà tí ìwọ náà kò fi nǹkan kan sílẹ̀?”

“Mo fi kọ́kọ́rọ́ yín sílẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kó tó gbọ́ ọ. Mo rí i lójú rẹ̀. Ìyá àgbà kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ó padà sí ẹ̀yìnkùlé.

“Òótọ́ lo sọ,” ni bàbá àgbà wí. “Kọ́kọ́rọ́ mi ni.”

Kò bá a sọ̀rọ̀ epo mọ́ láyé rẹ̀. Bùọ̀dá ń fi ìrẹsì àti mílíìkì ránṣẹ́ láti Accra, ìyá àgbà ń sè é, bàbá àgbà ń jẹ kẹ́ǹkẹ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Nígbà tí ó ṣe, ọ̀pọ̀ lára àwọn oníèédú padà sí èédú igbó. Ta ló máa bá wọn wí? Maame Serwaa nìkan ló kọ̀. Ó fi ìtẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn, ó ń ta gàárì, kò sì mọ̀ ọ́n tà. “Àlàájì kò tíì ṣí táǹkì,” ni ó ń sọ fún ẹni tó bá bi í. “Báwo ni n ṣe máa ra èédú?” Àwọn arúgbó méjèèjì ń wo ara wọn lórí ògiri, gàárì lọ́hùn-ún, ìṣáná níhìn-ín, kò sí èyí tó ní kí èkejì dáwọ́ dúró.

Àwọn èèyàn gbìyànjú láti gba bàbá àgbà lọ́wọ́ ara rẹ̀. Oníwẹ́dà kan wá láti Ashanti New Town, ó ní òun lè ṣí táǹkì náà nísàlẹ̀ láì fọwọ́ kan àgádágodo. Bàbá àgbà fún un lómi mu. “Ọmọ mi, o ṣeun,” ni ó wí. “Àgádágodo kọ́ ló tì í.”

Ìmáàmù sọ fún mi pé àṣìṣe gbáà ni ọ̀rẹ́ òun ṣe. “Ìdógò wà fún ẹni tí ojú ń tì,” ni ó wí. “Awakọ̀ tó ń wọ bàtà kan, gbogbo ọjà ló ń rí i. Ìjọba, ẹsẹ̀ wo ló ní?”

Ọyẹ́ ló mú bàbá àgbà lọ, òun àti ikọ́ tí kò jẹ́ kí a tọ́jú. Lọ́jọ́ kejì ìsìnkú, mo jókòó pẹ̀lú Bùọ̀dá Ràímì lẹ́yìnkùlé. Mo bi í ní ìbéèrè tó ti wà lẹ́nu mi láti ọjọ́ ìpàdé náà: nígbà tí bàbá rẹ̀ ń bọ̀ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́, ṣé ó mọ̀ pé ibùdó gáàsì lè má wáyé?

“Mo mọ̀,” ni ó wí. “Wọ́n ti sọ fún wa ní Accra pé tibi iná etíkun ló máa ṣáájú. Wọ́n ní kí n ṣì lọ bá àwọn oníèédú sọ̀rọ̀, torí ìpàdé òkè òkun ti sún mọ́. Mo rò pé n ó sọ ọ̀rọ̀ mi, wọn ò ní gbà, n ó sì padà. Ni mo rí Bàbá tó ń bọ̀.”

“Kí lẹ ṣe?”

“Mo fẹ́ dìde. Àwọn ọ̀gá mi wà lọ́tùn-ún àti lósì. Mo rí i pé ojú wọn ti ń tàn.” Ó fọwọ́ nu ojú. “Mo jókòó.”

Lọ́jọ́ kẹjọ, lẹ́yìn àdúà, Maame Serwaa wọlé pẹ̀lú aṣọ dúdú. Ó ti di arúgbó, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló ń mú un lọ́wọ́. Gbogbo ilé dìde. Ó tú etí ìró rẹ̀, a sì rí kọ́kọ́rọ́ náà, ó ti dán nítorí aṣọ tó ń nù ún lójoojúmọ́. Bùọ̀dá Ràímì kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì.

“Ràímì,” ni ó wí, “ibùdó gáàsì ti ṣí?”

“Rárá, Maame.”

“Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀?”

“Rárá.”

“Kí lo wá fẹ́ fi gbà á?”

Bùọ̀dá wo ara rẹ̀. Ó bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀, aago tó dáa, ó sì fi lé e lọ́wọ́. Maame Serwaa gbé e súnmọ́ ojú. Ó yí i padà. Ó gbé e sétí bí bàbá àgbà ṣe máa ń gbọ́ dídún táǹkì. Lẹ́yìn náà, ó dá a padà sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ tirẹ̀ pa àwọn ìka rẹ̀ dé lé e lórí.

“O ní òmíràn ní Accra,” ni ó wí.

Kò bínú. Ó tún kọ́kọ́rọ́ náà so mọ́ etí ìró rẹ̀, ó so ó ní ìsokùn méjì, ó sì na ọwọ́ sí ọmọ-ọmọ rẹ̀ kó mú òun lọ. Nígbà tó dé ẹ̀gbẹ́ táǹkì, ó dúró, ó fi ìka kàn án lẹ́ẹ̀kan. Epo dún nínú rẹ̀. Ó bojú wẹ̀yìn wo ẹni tó ṣì wà lórí eékún.

“Àlàájì ṣì ni onígbọ̀wọ́ rẹ,” ni ó wí. “Má jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀.”